Táǹkì Tó Tóbi Jù

"Ẹ ò rántí bí ẹ ṣe ga tó rárá, Bàámi?" Rúlà wà lọ́wọ́ Rẹ̀mílẹ́kún, fọ́tò kan wà lórí itan rẹ̀.

"Wọ́n wọ̀n mí ní bárékè lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ ṣójà. Mo ti gbàgbé," ni Ìbíkúnlé, bàbá rẹ̀, wí láti orí ẹní. Táǹkì ogun ló ń wà ní Làìbéríà kí àìsàn tó dá a padà sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ́dún 1999.

Nínú fọ́tò náà, ó dúró ti táǹkì rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ fi páálí ṣe irú rẹ̀ fún ìdíje ilé-ìwé. Bàbá rẹ̀ ga ní ínṣì kan nínú fọ́tò, táǹkì gùn ní ínṣì mẹ́rin. Bó bá ti mọ bí bàbá òun ṣe ga tó, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni gígùn táǹkì. Yóò wá fi ínṣì kan lórí páálí dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan.

"Mú okùn wá, kó o wọ̀n mí bí mo ṣe sùn yìí."

Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ju ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀. "Nínú ilé mi kọ́. A kì í wọn alààyè lórí ẹní. Òkú ni káfíńtà ń wọ̀n."

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Rẹ̀mí, lọ́jọ́ tí ara mi bá gbé e, màá dúró ti ògiri, wàá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí orí mi dé. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀."

Rẹ̀mílẹ́kún kò dúró de ọjọ́ náà. Dèjì, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló tì í sí i. "Kọ ẹsẹ̀ bàtà méje sílẹ̀ jàre. Ta ni yóò wá wọn bàbá rẹ wò? Táǹkì rẹ á tóbi ju ti gbogbo wa lọ."

Ó kọ méje. Táǹkì gùn ní ínṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó gé èèyàn páálí kan tì í, ó kọ "ẹsẹ̀ bàtà méje" sí i láyà, ó gbé e han bàbá rẹ̀.

"Ta ni òmìrán yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Mi ò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Tún un ṣe fún mi. Mo fẹ́ rí ọkọ̀ mi bó ṣe rí gan-an. Màá gbìyànjú dìde lọ́la."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdíje tán ná, Bàámi."

Rẹ̀mílẹ́kún gba ipò kìíní. Ó ru táǹkì náà bọ̀ wálé, ó bá èrò lẹ́nu ọ̀nà. Nínú yàrá, káfíńtà ń ká okùn rẹ̀. "Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀," ló ń tún wí fún ara rẹ̀, kó má baà gbàgbé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Rẹ̀mílẹ́kún ṣe òmíràn, ínṣì méjìlélógún. Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí, Màámi?"

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́. "Mi ò rí táǹkì rí, ọmọ mi. Bàbá rẹ ló mọ̀ ọ́n."

Irọ́ kọ́ ló pa Ìbíkúnlé, àìsàn ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọmọ rẹ̀ kó tó kú, ipò kìíní kò sì jẹ́ kó rí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe é bó ṣe yẹ nígbà tí ẹni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí ṣì wà láàyè.