Ọ̀rọ̀ Tó Kù Lẹ́nu Nùsírátù

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Irọ́ tí mo mọ̀ ọ́n pa kò ju ti iye tí mo ra ọjà lọ, àwọn oníbàárà mi pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà.

Aṣọ ọmọdé ni mo máa ń rà ní ọjà Deira ní Dubai, tí mo máa ń kó sí kágò lọ sí Èkó. Tí mo bá ti dé, Al Nahda ní Sharjah ni mo máa ń sùn, torí ilé ibẹ̀ ò wọ́n tó ti Dubai. Bedspace ni. Ibùsùn olókè-nílẹ̀ nínú yàrá kan, kóówá ta kọ́tìnì yí tirẹ̀ ká. Fisáyọ̀ àti Nùsírátù ni mo máa ń bá níbẹ̀. Nùsírátù ń tún ilé ṣe fún àwọn èèyàn ní Jumeirah Village Circle. Fisáyọ̀ ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Qusais, alẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí pé ọ̀sán ló fi ń sùn, a kì í ṣí fèrèsé. Aṣọ dúdú la ta bò ó. Òòrùn á máa pa èèyàn níta, yàrá tiwa á ṣókùnkùn bí inú àpò. AC nìkan ló ń dún.

Ọkọ mi ti kú tipẹ́. Mùráínà ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Bàbá Kàfáyàt ni mo ń pè é. Ibà kan ló gùn ún dé orí l'Ékòó, ó ń sọ̀sọkúsọ. Ọjọ́ tó máa kú, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó pè mí ní orúkọ tó máa ń pè mí tó bá ku àwa méjèèjì nìkan. Ó ní, "Oníjàngbọ̀n, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé..."

Ó dákẹ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ẹni tó bá ti sin ọkọ á mọ̀. Ẹkún máa ń tán. Ọ̀rọ̀ tí kò parí kì í tán. Mo ti bi ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo ti bi ara mi nídìí ọjà. Kí ni kí n ṣe fún un? Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí mo bí fún un gan-an ò gbọ́.

Ìgbà ooru ni Nùsírátù ti ibi iṣẹ́ dé, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Màmá, orí yìí fẹ́ là."

"Ibà ni," Fisáyọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Ẹ̀fọn wo ló wà ní Sharjah?" mo bi í.

"Màmá, ta ní ń wá ẹ̀fọn? Láti ilé la ti gbé tiwa wá."

Bẹ́ẹ̀ làwa ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ tí kì í ki oògùn ibà sínú báàgì. Orí ń fọ́ ọ, ibà. Oúnjẹ ò wù ọ́, ibà. Nùsírátù lo ti Fisáyọ̀, ó lo èyí tí mo gbé wá. A ní kó lọ sí ọsibítù, ó kọ̀. Fisà rẹ̀ fẹ́ẹ́ tán, kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Nígbà tó yá, ó ń gbàgbé nǹkan. Ó gbé bàtà rẹ̀ sínú fìríìjì.

"Kó lè tutù fún ẹsẹ̀ ni," Fisáyọ̀ sọ.

A rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí pé a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọn ò tíì pe ìrun àlàásárì. Fisáyọ̀ ń sùn. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń ká aṣọ. AC sinmi. Yàrá dákẹ́ lọ gbári. Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn kọ́tìnì Nùsírátù.

"Oníjàngbọ̀n."

Ohùn Nùsírátù ni o. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í ṣe ohùn ọkùnrin. Àmọ́ bó ṣe fà á, bó ṣe tẹ ìparí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Nùsírátù?"

"Oníjàngbọ̀n, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni pé..."

Ó dákẹ́. Ibẹ̀ náà ló dákẹ́ sí.

Mo ṣí kọ́tìnì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wò mí. Ọmọ yìí kì í fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ gba omi lọ́wọ́ mi, á kúnlẹ̀. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Mo ń gbọ́," mo ní. "Sọ ọ́."

"...tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn..."

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ gbóná lójijì bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹyinjú rẹ̀ yí sókè. Gìrì mú un. Mo figbe ta, Fisáyọ̀ fò dìde.

"Màmá, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn dá a lóhùn ni."

"Ẹ dá ta lóhùn?"

"Pe áńbúláǹsì jàre!"

Dókítà obìnrin kan ará India ló gbà wá ní ọsibítù. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, ti ọjà ni, Fisáyọ̀ ló ń túmọ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́yìn Nùsírátù. Dókítà ní kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló wọ ọpọlọ rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé ló sì ń jẹ. Irú àìsàn yìí lòun ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ohun tí aláìsàn bá ń sọ, òun ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí òun lè mọ ibi tí kòkòrò náà dé.

"Bi í bóyá ó lè máa sọ ohun tí kò mọ̀ rí," mo sọ fún Fisáyọ̀.

Dókítà mi orí. "Ohun tó bá wà nínú ọpọlọ nìkan ló lè jáde."

Ta ló wá fi ọ̀rọ̀ ọkọ mi síbẹ̀?

Wọ́n ní kí n wọlé lọ wò ó. Mi ò dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo kàn tẹ́tí ni. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń mì.

"...má ṣí i fún..."

Ẹ̀rọ tó wà lókè orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. "Yalla, yalla!" Ó ní kí n yára kúrò, ó tì mí sẹ́yìn. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó ké. Fisáyọ̀ rí i. A wo ara wa.

"Màmá," ó rọra sọ ọ́, "ẹ má sún mọ́ ọn mọ́."

Mi ò sún mọ́ ọn mọ́. Oògùn ń kán wọ iṣan rẹ̀, ibà náà lọ, ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò mí tìtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

Kò mọ̀ mí. Kò mọ Fisáyọ̀. Kò rántí orúkọ ìyá tó bí i. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ó ní ká ní a tètè gbé e wá ni, kì bá tí pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Fisáyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún.

"Oògùn ibà. Màmá, oògùn ibà la ń fún un."

Mo gbá a mọ́ra.

Ọjọ́ kejì tí a padà lọ wò ó, dókítà pàdé wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n gbé ọkùnrin kan dé láàárọ̀ láti àgọ́ òṣìṣẹ́ ní Al Qusais, irú àìsàn kan náà. Ará Nepal ni. Àmọ́ ohun tó ń sọ, àwọn ará ìlú rẹ̀ ní kì í ṣe èdè àwọn. Ó ní ó jọ tiwa létí òun.

Ó tẹ fóònù. Ohùn ọkùnrin ni, ó gbẹ, kò dùn ún sọ. Ó fà á, ó tẹ ìparí mọ́lẹ̀.

"...má ṣí i fún ẹni tó bá..."

Fisáyọ̀ di apá mi mú.

"Yorùbá ni," ó sọ. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ṣé ó ti bá àwọn èèyàn wa gbé rí?"

"Kò tíì pẹ́ tó dé láti ìlú rẹ̀. Ẹ bá mi ká lọ. Ó ti wà lórí oògùn, kò ní pẹ́ dákẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń sọ."

Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí díẹ̀. Ọkọ mi wà nínú ibẹ̀, tàbí ohun tó gba ohùn rẹ̀ lò. Ẹsẹ̀ mi ti ń gbé mi lọ kí n tó mọ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá.

Mo dúró. Ọkùnrin yẹn náà ní ẹni tó ń retí ìpè rẹ̀ nílé. Orúkọ kan á wà tó ń pe ìyàwó tirẹ̀ pẹ̀lú.

"Mi ò wọlé," mo ní.

"Màmá, ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀. Mi ò wọlé."

Mo fà sẹ́yìn títí ẹ̀rọ yẹn fi dákẹ́. Mo jókòó sórí àga, mo fi ìborùn mi di etí, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Fisáyọ̀ bá dókítà wọlé.

Nígbà tó jáde, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ó sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́ tán."

"Kí ló wí?"

Ó wò mí pẹ́. "Màmá, khalas. Ó parí."

Ó sọ fún dókítà pé ọ̀rọ̀ náà ò yé òun. Bó ṣe dé ilé ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibòmíì. Ọkùnrin ará Nepal yẹn yè, èdè ìlú rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Wọ́n ti dá Nùsírátù padà fún ìyá rẹ̀. Tí mo bá lọ kí i, á kí mi dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Ó dùn mí pé mo di etí mi. Tí wọ́n bá tún gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá, màá tún dì í. Síbẹ̀, kò ní yéé dùn mí.

Mo máa ń pe Fisáyọ̀ láti Èkó. Ó máa ń gbé e.

"Fisáyọ̀, ta ni kí n má ṣí i fún?"

Mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan ti wá kan ilẹ̀kùn ni, Màmá?"

"Àwọn èèyàn mi ń wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kàn án."

Á pa fóònù.

Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn báyìí, mo máa ń dìde dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi lórí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á máa pè mí níta. Kò sí èyí tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ nínú wọn. Mi ò kàn mọ èwo ni kí n má ṣí i fún.