Ọkùnrin tó Fa Aṣọ Sinimá Ya ní Ìlá

Ọ̀rẹ́ mi, má tètè ju ìwé yìí sílẹ̀ nítorí pé o rí ọ̀rọ̀ sinimá lára rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ kò fẹ́ràn sinimá. Mo ti rí ohun tí ìbọn yínyìn àti ijó ìhòòhò tó máa ń wà nínú rẹ̀ sọ àwọn ọ̀dọ́ wa dà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí yàtọ̀, ọkùnrin tó sì dìde láti bá a jà kì í ṣe ẹni mímọ́. Òpùrọ́ ni.

Orúkọ rẹ̀ ni Joseph Oyèlẹ́yẹ, oníṣòwò aṣọ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ní ọdún 1956 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ọjà Ìlá. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ó mọ aṣọ wọ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n wọ̀. Bó bá dé ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo ènìyàn lè rí i kó tó lọ jókòó níwájú. Ó ti ṣe ìrìbọmi, ó sì ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹni tó bá sọ fún un nígbà náà pé kò tíì di àtúnbí, ìjà ni onítọ̀hún ń wá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Moríyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, wọn kò sì bímọ. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Ìyá Oyèlẹ́yẹ kì í pe Moríyọ̀ lórúkọ mọ́, "eléyìí" ló ń pè é. Bí obìnrin kan bá bímọ nínú agbo ilé, wọn kì í gbé ọmọ náà fún Moríyọ̀ títí yóò fi lè rìn.

Oyèlẹ́yẹ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó mọ̀! Nígbà tó wà ní Jọ́ọ̀sì kó tó gbéyàwó, ó bá àwọn obìnrin ìta rìn, àtọ̀sí mú un, ojú sì ń tì í láti wá ìwòsàn títí àrùn náà fi bà á jẹ́ nínú. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ó yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ìjọ kan tó jìnnà sí Ìlá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kò lè bímọ mọ́ láyé. Oyèlẹ́yẹ dúpẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó padà sílé, ó sì sọ fún Moríyọ̀ pé ọjà ni òun lọ.

Nínú oṣù Kejì ọdún náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéníran gbé sinimá wá sí Ìlá. Kì í ṣe sinimá ìjọba tó máa ń fi ìtọ́jú kòkó àti ìmọ́tótó hàn wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ tó fi ya àwòrán náà, òun àti aya rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò rí ẹlòmíì tó gbà láti ṣe irú rẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fi ẹní dí gbogbo fèrèsé kí inú ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, ó ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri, àwọn ènìyàn sì rọ́ kún ibẹ̀ bí ẹran inú lọ́ọ̀rì.

Àwòrán náà kò ní ohùn. Adéníran ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tó ń sọ ohun tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń sọ. Ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n, nínú yàrá wọn, lórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìṣekúṣe ló ń bọ̀. Kò sí ìṣekúṣe kankan. Ọkọ náà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó jẹ́wọ́ fún un pé òun ní ọmọ kan ní Èkó tí òun ti ń fi pamọ́ láti ọdún méje. Obìnrin náà sunkún, ó jáde, ó padà wọlé, ó jókòó sí etí kejì ibùsùn. Ó pẹ́ gan-an tí wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n àlejò ni mo ti ń bá gbé tẹ́lẹ̀. Òní ni mo rí ọkọ mi." Ó parí síbẹ̀.

Adéníran ká ẹní kan kúrò lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀ nílé."

Wàhálà dé! Sàlámì télọ̀ kò tíì délé tó fi jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lójú títì, ìyàwó náà bọ́ gèlè, ó fi gbá a lójú. Kùdírátù tó ń ta epo bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ọkọ náà kò sì wálé jẹun títí di ọjọ́ Ajé. Àwọn ọkùnrin ń fapá jánú. Ní odò, níbi tí ariwo kì í tán, àwọn obìnrin ń fọṣọ wọn láìsọ̀rọ̀.

Moríyọ̀ pẹ̀lú wo sinimá náà. Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé omi fún ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò sì dìde.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín."

"Kí ni?"

"Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin eléwé kan ní Ire. Mo máa ń sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ lọ kí. Àgbo ló ń fún mi. Ó ń jó mi nínú, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń bì. Mo ń mu ún kí n lè bímọ fún yín. Mo purọ́ fún yín, ẹ forí jì mí."

Oyèlẹ́yẹ gbé omi náà sílẹ̀ láìmu ún.

Moríyọ̀ wò ó lójú. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní ohun kan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Ìwọ tí ò ń kà á, wo bí Ọlọ́run ṣe ṣílẹ̀kùn gbayawu fún ọkùnrin yìí! Gbólóhùn kan péré ni. Ó ti dé ètè rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́.

Ó jágbe mọ́ ọn pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ tí ò ń mu àgbo kiri bí ajá tó ń jẹ koríko, ìwọ lo fẹ́ máa bi mí ní ìbéèrè? Ohun tí sinimá kọ́ ẹ nìyẹn, àbí?"

Láti ọjọ́ náà ló ti kórìíra sinimá yẹn bí ẹni kórìíra ejò. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta, pé Adéníran fẹ́ sọ àwọn obìnrin Ìlá di aláìgbọràn. Ní ọ̀sán ọjọ́rú tí wọ́n tún fẹ́ fi sinimá náà hàn, ó kó ọkùnrin bíi mẹ́wàá lẹ́yìn, ó já wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ funfun náà ya.

Olúkúnlé káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Olúkúnlé ti pàdé Olúwa ní tòótọ́.

"Oyèlẹ́yẹ, kí ni aṣọ yìí ṣe fún ẹ?"

"Ó ń ba ilé wa jẹ́!"

"Irọ́ ló ń ba ilé jẹ́. Kí lò ń sá fún? Ẹni tí kò ní nǹkan pamọ́, sinimá yìí lè sú u, kò lè bí i nínú tó báyìí. Jésù mọ ohun náà. Sọ ọ́ fún un kó tó di pé ẹlòmíì bá ẹ sọ ọ́."

Oyèlẹ́yẹ tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìwọ àti Jésù rẹ, ẹ kúrò lọ́nà mi."

Adéníran di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Oyèlẹ́yẹ rò pé òun ti ṣẹ́gun. Ìyá rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́ pé kó fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, Fọlákẹ́ lórúkọ rẹ̀. Nísinsìnyí ó gbà, kí ẹnikẹ́ni má bàa wò ó lójú kó sì máa fura sí i. Ìjọ kò fọwọ́ sí ìyàwó kejì, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n á bínú díẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Kí ni yóò wá ṣe nípa ọmọ? Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀: bí ọmọbìnrin yìí bá gbọ́n, á wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá níta, ohun tó bá sì bí, tèmi ni. Ọkùnrin tó ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nìyẹn o!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdána, Moríyọ̀ ni wọ́n ní kó wá di ẹrù ìdána náà. Wọn kò mọ̀ pé ó ti lọ sí Ire níjọ́ méjì ṣáájú, tó bẹ obìnrin eléwé náà pé kó fún òun ní èyí tó le jù lọ, bóyá òun á lóyún kí ìyàwó tuntun tó wọlé. Ó ti mu gbogbo rẹ̀ tán láàárọ̀ yẹn. Ó ń di obì mọ́ ẹrù náà lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú, tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Oyèlẹ́yẹ ní, "Ó ń díbọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àwọn àna ń retí wa."

Ọpẹ́lọpẹ́ Olúkúnlé tó yà wọlé láti tún bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé Moríyọ̀ sójú títì, ó dá lọ́ọ̀rì kan dúró. Ẹ̀rù ba Oyèlẹ́yẹ, ó bẹ́ wọ inú rẹ̀ tòun ti agbádá ìdána. Wọn kò dúró títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ìjọ. Ibẹ̀ kan náà ni. Dókítà kan náà ni.

Lẹ́yìn tó tọ́jú Moríyọ̀ fún ìgbà pípẹ́, dókítà jáde, ó wo Oyèlẹ́yẹ, ó sì dá a mọ̀.

"Ìyàwó yín ń kú lọ nítorí àìsàn tí kò ní. Kò sí ohun tó ṣe ilé ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún yín. Ẹ kò sọ fún un?"

Olúkúnlé gbọ́ ọ. Oyèlẹ́yẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí àpò òfìfo.

Olúkúnlé ní, "Mi ò ní bá ẹ kẹ́dùn lónìí. Kì í ṣe eléwé ló po àgbo yẹn. Ìwọ lo pò ó."

"Ṣé Ọlọ́run lè gbọ́ irú èmi?"

"Bí o bá dẹ́kun irọ́, á gbọ́. Nítorí òpùrọ́ ni Jésù ṣe ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe òpùrọ́, kí ló fẹ́ bá a ṣe?"

Ọkùnrin agbéraga náà dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń ré e kọjá. Ó ké pé, "Olúwa, èmi ni! Kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe Jọ́ọ̀sì, kì í ṣe sinimá. Èmi ni. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Níbẹ̀ ni Olúwa ti gbà á là. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ránṣẹ́ sí bàbá Fọlákẹ́, ó sì sọ ìdí tí kò fi ní í wá mọ́, láìda aṣọ kankan bò ó.

Ọlọ́run dá Moríyọ̀ sí. Nígbà tó lè jókòó, ọkọ rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọjú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Ẹ ti sọ fún mi. Ó ku àwọn tó ń bú mi."

Nínú ìjọ wọn, ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ máa ń jáde kúnlẹ̀ níwájú kí ìjọ gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n lóṣù yẹn, Moríyọ̀ kò dìde. Oyèlẹ́yẹ ló dìde. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Èmi ni àgàn. Ìyàwó mi kò yàgàn rí. Mo mọ̀ láti ọdún mẹ́rin, mo sì ń jókòó níbẹ̀ yẹn, mò ń ṣe Àmín sí àdúrà tí ẹ ń gbà lé e lórí."

Ìyá rẹ̀ gbé àpò rẹ̀, ó jáde, kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Ìjọ gba ìjókòó iwájú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń jókòó báyìí. Bí wọ́n ti ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, Moríyọ̀ ní, "Inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀."

"Mi ò mọ ìgbà tó máa tán."

"Màá dúró," ni Oyèlẹ́yẹ wí, wọ́n sì jọ ń rìn lọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ṣé inú ń bí ẹ sí mi? Bi ara rẹ léèrè ìdí rẹ̀. Ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ kiri nínú ilé yẹn? Ta ló ń sunkún lé ohun tí ìwọ mọ̀ tí o kò sọ? Ìrìbọmi rẹ kò lè bò ó, aṣọ rere rẹ kò lè bò ó. Ẹ̀jẹ̀ Jésù lè wẹ̀ ẹ́ nù, ṣùgbọ́n kì í wẹ ohun tí a bá ń pè ní mímọ́.

Má sọ pé ọ̀la. Moríyọ̀ ìbá ti kú kí ọ̀la tó dé. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Olúwa gan-an bó ti ń jẹ́, kí o sì gba Jésù gbọ́. Bí o bá dìde, ẹnì kan wà tó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Lọ pè é.