Ilẹ̀ Tó Ń Wú Lábẹ́ Ilé Motọ́lání

Làbákẹ́ tó ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Muṣin ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Òkè ayọnáyèéfín Pozzuoli máa bú lọ́jọ́ Ẹtì! Ẹ ní kí àwọn èèyàn yín sá!"

Pozzuoli yẹn, ní ilẹ̀ Ítálì, ni Motọ́lání, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń ṣe nọ́ọ̀sì.

Ó pè é. "Motọ́ mi, máa bọ̀ nílé lónìí!"

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Ilẹ̀ kàn ń mì ni, ó ti mọ́ wa lára. Ògiri yàrá mi tó sán, mo ti fi kàlẹ́ńdà bò ó."

"O fi kí ni bò ó?"

Ọláyíwọlá, àbúrò Làbákẹ́, wá gba ṣòkòtò tó fún un rán. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Yaba. Ọ̀rọ̀ wọn ti ta sí i létí lẹ́nu ọ̀nà, ó gba fóònù.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. Àǹtí mi, kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ tó máa bú. Ibẹ̀ kì í ṣe òkè ṣóńṣó. Kòtò ńlá ni, ó fẹ̀ ju odidi ìlú lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rì nígbà tí iná abẹ́ rẹ̀ bú jáde láyé ọjọ́un. Ooru àti gáàsì ṣì ń tì í sókè, ló fi ń wú, tó ń mì. Ó lè wú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tún rọlẹ̀ láì bú. Àwọn onímọ̀ ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, wọ́n á sì fi àwọ̀ kéde bí ewu ṣe tó. Motọ́, àwọ̀ wo ló wà báyìí?"

"Yẹ́lò ni, Ọ́ńkù."

"Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ wà lójúfò. Tó bá di pupa, gbogbo yín gbọ́dọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ilé tó ti sán lè wó láìsí iná kankan. Lọ sọ fún àwọn aláṣẹ ìlú lónìí."

Ohùn Làbákẹ́ rọ̀. "Ọmọ mi, mi ò pariwo mọ́. Ṣáà lọ."

Motọ́lání lọ. Àwọn ẹnjiníà yẹ ilé náà wò, wọ́n ní kó kó jáde. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, nǹkan kan ò bú. Lọ́jọ́ Ajé, ilẹ̀ mì gidi, ògiri yẹn sì wó lu bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò ògiri náà dé Muṣin, Làbákẹ́ jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbi tí iná wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ má pín ohùn tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ bi ẹbí yín léèrè: àwọ̀ wo ni ìjọba kéde? Ṣé wọ́n ti yẹ ilé yín wò? Ọ̀nà wo lẹ máa gbà jáde, ṣé ìwé àti oògùn yín sì ti wà nínú báàgì kan? Tí ìdáhùn kan ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀.