Ta Ló Jí Thelma?

"Wọ́n ti jí Thelma gbé."

Ohun tí Cyril Bracegirdle fi ṣí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn, ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, ní ilé ìsè-ọtí kékeré rẹ̀ tó wà ní Steep Hill, ní ìlú Lincoln, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò mẹ́wàá ló wá kọ́ bí a ti ń tọ́ jíìnì wò. Ó ti po tíì fún wọn, ó ti bu jíìnì tuntun sínú ife kéékèèké fún wọn, ó ti béèrè bó ṣe rí lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ, tó sì jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àlejò wo ara wọn lójú. Wọ́n mọ̀ pé Thelma ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, nítorí àwòrán obìnrin náà wà lára ògiri, wọ́n sì rí i kà lábẹ́ rẹ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti kú. Obìnrin kan rọra gbé búrẹ́dì eléso tó ń jẹ sílẹ̀.

Cyril gbé ìgò kan sókè. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni.

"Èyí ni Thelma," ló wí. "Jíìnì àkọ́kọ́ tí èmi àti òun jọ sè, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni mo sọ ìgò náà. Ẹnì kan ti da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, ó sì ti rọ ọtí lásán dípò rẹ̀. Ẹ má bínú, kò sí ẹ̀kọ́ mọ́ lónìí. Ọlọ́pàá ni mo fẹ́ pè."

Hester Tuxford, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, mí kanlẹ̀. Ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ní ìlú náà, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló dáwó jọ ra ìwé ìwọlé fún un nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó lè sinmi díẹ̀. Ìsinmi ọ̀hún ti di iṣẹ́. Ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ẹ má wulẹ̀ pè wọ́n," ló wí. "Wọ́n ti dé."

Kí ó tó kúrò nídìí tábìlì, ó fi ojú gbá a láti òkè dé ilẹ̀. Ife tíì àwọn àlejò ṣì kún. Ẹnì kan ṣoṣo ló mu tirẹ̀ dé ìsàlẹ̀, Cyril ni. Ti jíìnì tuntun náà, ẹnu ni wọ́n kàn fi kàn án tí wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Síbẹ̀, nígbà tí Cyril béèrè, gbogbo wọn ló dáhùn pé ó dára púpọ̀, Tuxford náà sì wà lára wọn. Ará ìlú yìí lè jẹ òkúta nílé onílé kí ó sì ní ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Lójú wọn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú tó kí a dójú ti ẹni tó gbà wá lálejò.

Ó mú Cyril wọ yàrá tí ìkòkò bàbà ńlá tí wọ́n fi ń sè ọtí wà.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ẹ ń kó ìgò náà sí?"

"Èmi àti Rosalind. Rosalind Leggate, igbákejì mi. Ọdún kejìlá rèé tó ti wà níbí, láti orí fífọ ìgò ni mo ti kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ní kó máa lọ lálẹ́ àná. Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ó ń kó ẹrù rẹ̀. Bí ọmọ ni mo mú un, pẹ́pẹ́yẹ mi."

Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n máa ń pe ènìyàn lágbègbè yẹn bí ara wọn bá yọ̀ mọ́ ọn. Tuxford kò kà á sí àfojúdi.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ náà ni Thelma ìbá pé àádọ́rin ọdún. Mo ní kí n bá a mu ife kan. Mo gé ìda ẹnu ìgò, mo bù ú, mo gbé e sí imú. Òfo. Mo tọ́ ọ wò, iná lásán ni mo gbọ́ lórí ahọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyáàfin, aṣọ rẹ̀ ti lọ, ohùn rẹ̀ ti lọ. Òórùn ìgò yẹn ló kù mí kù."

"Ìda náà ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án kí ẹ tó gé e?"

"Rárá, ó ṣì wà digbí. Olè náà mọṣẹ́." Ó tú áńkáṣíìfù kan jáde láti àpò àyà rẹ̀. Ìda pupa ló wà nínú rẹ̀. "Mi ò lè jù ú nù."

Tuxford gbé e sójú fèrèsé. Ojú àtàǹpàkò ènìyàn kan wà lórí ìda náà, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ọ̀bẹ tí Thelma fi ń bó ọsàn ló ṣá a lọ́wọ́," ni Cyril wí. "Òrùka la fi ń tẹ ìda àwọn ìgò yòókù. Èyí nìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gbóòórùn ohun tó wà nínú ìgò náà."

Cyril fà á mọ́ àyà. "Ẹ̀rí ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí a ó fi dé iwájú adájọ́."

"Ó dáa. Ẹ gbé e dání. Ìgbà wo ni ara yín ṣe àìdá gbẹ̀yìn?"

"Oṣù kìíní. Ọ̀fìnkìn kan dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló kan ìyẹn?"

"Ìbéèrè lásán ni," ni Tuxford wí.

Nígbà tó máa jáde, Barnaby Stamp ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló ni ilé ọtí tó fara ti ti Cyril, ariwo ló sì gbọ́ tó fi wá.

"Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń wá bí ẹ ó ṣe rí ìlànà jíìnì Thelma gbà," ni Tuxford sọ fún un.

"Ọdún mẹ́wàá, Ìyáàfin. Kò fún mi, mi ò sì bínú. Ká ní mo fẹ́ jalè, ṣé ìgò kan ṣoṣo ni n óò jí, tí n óò mu tán lọ́jọ́ Kérésìmesì?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, Rosalind kọ́ ló ṣe é. Láti oṣù kejì ni mo ti ń rí i tó ń wọlé síbí láago mẹ́fà àárọ̀, Cyril kì í sì í dé kó tó di aago mẹ́sàn-án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Kí ló ń ṣe níbí láago mẹ́fà?"

"Ó ń sè. Mo ń gbóòórùn rẹ̀ láti orí ibùsùn mi, ó ń ta sánsán."

"Èyí tí Cyril bù fún wa lónìí ńkọ́? Mo rí i pé ẹ ti tọ́ ọ wò, ife rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Barnaby wo bàtà rẹ̀. "Ó dára púpọ̀," ló wí.

Rosalind Leggate wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ó ń ká épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì ti le nítorí bàbà tó máa ń fọ̀. Tuxford kò tíì rí àga jókòó tí Rosalind fi sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo jí i. Oṣù kọkànlá. Mo dà á nù, mo rọ ọtí lásán sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, kí n máa lọ."

"Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ìkà ni mí."

Tuxford ti bá ìkà pàdé lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò rí èyí tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Báwo lo ṣe ṣe ti ìda?"

"Mo fi iná yọ́ ọ, mo sì tún un tẹ̀."

"Kí lo fi tẹ̀ ẹ́?"

"Òrùka. Òun náà la fi ń tẹ gbogbo wọn."

"Rosalind, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ni o ń dákẹ́ nítorí rẹ̀?"

Omi bọ́ lójú obìnrin náà sórí épírọ́ọ̀nù. "Ẹ jẹ́ kó pè mí lólè," ló wí níkẹyìn. "Olè á lọ, wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun, bí ẹ bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa jí sí láàárọ̀?"

Tuxford ní kó tẹ̀lé òun, ó béèrè fún jọ́ọ̀gì omi yìnyín kan, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò. Kò sí ẹni tó ti lọ nínú wọn. Gbogbo wọn ń ṣe bí ẹni pé ìwé ara ògiri ni wọ́n ń kà.

"Ọ̀gbẹ́ni Bracegirdle," ló wí, "owó ẹ̀kọ́ la san, ẹ kọ́ wa ní ẹyọ kan péré. Bí a bá da omi yìnyín sínú ọtí lásán, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Yóò mọ́ gaara bó ṣe wà."

"Sínú jíìnì Thelma ńkọ́?"

"Yóò ṣú funfun. Èso ánísì tí a fi sí i ti pọ̀ jù, òróró inú rẹ̀ kì í fẹ́ rí omi tútù. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé ó ti bàjẹ́ ni, la bá dín in kù nígbà tó yá." Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

"Ẹ bù ú síbí fún mi."

"Mo ti ní ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí ọ̀hún ni mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Cyril ṣí ìgò náà, ó sì bu díẹ̀ sínú ife. Òórùn kan dìde, òórùn ọsàn àti ánísì, ó gba gbogbo yàrá. Àwọn àlejò gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Cyril nìkan ni kò gbé orí. Tuxford da omi yìnyín lé e, ohun tó wà nínú ife náà sì funfun bí omi ògì.

"Thelma ni," ni Cyril wí. Ó gbé ife náà sí imú lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbé, ó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo mọ̀," ni Tuxford wí, ó sì fa àga jókòó tì í. "Ìda yẹn ló kọ́kọ́ tọ́ka fún mi. Olè lè yọ́ ìda, ó lè jí òrùka, ṣùgbọ́n kò sí olè tó lè yá àtàǹpàkò òkú. Ẹnikẹ́ni kò ṣí ìgò yìí rí kí ẹ tó ṣí i lọ́jọ́bọ̀, nítorí náà, kò sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Rosalind jẹ́wọ́ fún mi pé òun ló jí i, ó ní òrùka lòun fi tẹ ìda. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ bí ìda ọ̀hún ṣe rí, kò lè jẹ́ ẹni tó ṣí i. Wàrà inú tíì tí ẹ pò fún wa ti kan, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ mu tiyín tán. Jíìnì tí ẹ bù fún wa náà..." Ó wá ọ̀rọ̀ tì, nítorí ọmọ ìlú yẹn ni òun náà. "Olè wà lóòótọ́. Ọ̀fìnkìn oṣù kìíní ni. Kò mú ìgò, imú yín ló gbé lọ."

Cyril yíjú sí Rosalind. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ọ̀gá. Imú ló ń sọ fún wa ìgbà tí a ó gbé ife kúrò lẹ́nu ìkòkò. Ẹ̀yin ń jẹ́ kó pẹ́ jù, ẹ ń gba ọtí ìkẹyìn tó ń rùn mọ́ ọn. Mò ń tún un sè láàárọ̀ kí ẹ tó dé. Tòní nìkan ni mi ò rí tún sè, torí ẹ ti lé mi."

"O sì jẹ́ kí n pè ọ́ lólè."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó ń sè jíìnì tí kò ní imú, kó ti ilé rẹ̀ pa."

Bàbá náà dìde níwájú àwọn àjèjì mẹ́wàá, ní ìlú tí ènìyàn lè fi ogójì ọdún gbé ẹ̀gbẹ́ aládùúgbò láìsunkún lójú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ Rosalind méjèèjì mú. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Jọ̀ọ́, má lọ. Dárí jì mí." Rosalind tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó sì tún un ró.

Cyril nu imú, ó wo àwọn àlejò. "Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Èyí tí mo bù fún yín ńkọ́?"

"Ó dára púpọ̀," ni wọ́n dáhùn pọ̀.

"Ó burú jáì, Ọ̀gá," ni Rosalind wí. "Ó ń rùn bí ajá tí òjò pa."

Barnaby ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn àlejò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n Cyril ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Nígbà tó dákẹ́, ó bu Thelma sínú ife mìíràn láìfi omi sí i, ó sì tì í síwájú Rosalind.

"Mi ò lè gbọ́ ọ mọ́," ló wí. "Ìwọ bá mi gbọ́ ọ. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí o sọ."

Rosalind di ojú. "Èso júnípà ló ṣáájú. Èèpo ọsàn ló tẹ̀lé e, èyí tó korò. Ánísì, ó pọ̀ lóòótọ́." Ó dúró, ó tún un gbọ́. "Ohun kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí kò sí nínú ìlànà wa. Bí aṣọ fífọ̀ tó gbẹ nínú oòrùn. Àbí òdòdó lafẹ́ńdà ni?"

Cyril fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo mọ̀ ọ́n," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo yíjú lọ́jọ́ náà, ó sì bù ú sí i. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi bi í, kò jẹ́wọ́. Ó ní imú mi ló ń tàn mí."

Ó fa àga rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ti Rosalind.

"Tún un gbọ́," ló wí, "kí o sì máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."