Sùtánà Tó Kù Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

"Màmá, ẹ máa bọ̀ o! Bọ̀ọ̀dá Kingsley ti kó lọ!"

Jésùtómi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Salome, ìyá rẹ̀, fi púpurù, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mọ roboto, tó ń gbẹ lórí iná sílẹ̀, ó sáré wá. Opó ni. Ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Òkìtìpupa nìyí, yàrá ẹ̀yìn yẹn nìkan ló sì fi ń gba owó ilé. Kingsley káfíńtà ló ń gbé ibẹ̀. Owó ilé tó jẹ, òun gan-an ni wọ́n ń retí láti fi san owó ìdánwò WAEC Jésùtómi. Ọdún kò tíì pé, ayálégbé ti kó ẹrù, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Yàrá ti ṣófo. Sùtánà funfun kan ló kù, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Salome wo aṣọ náà títí. "Kò sá lọ," ló wí. "Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun bí èmi ni. Ta ló ń sá fún gbèsè tí yóò fi aṣọ àdúrà rẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹni tó jẹ lówó? Bó bá di Sátidé tí kò dé, a ó lọ bá a nílé wọn ní Òde-Ìrèlè."

"Ẹ̀yin náà sì máa ń gba èèyàn gbọ́ jù! Wọ́n máa tó parí ìforúkọsílẹ̀ o, Màmá!"

"Ṣe sùúrù, Tómi. Èéfín ló ń mú ẹ̀yìn púpurù dúdú. Ìgbà tí a bá ha á tán la tó ń rí inú rẹ̀."

Sùúrù kẹ̀! Nígbà tí Jésùtómi dé ilé ìwé, ó rò ó fún Lucy ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Wásáàpù jàre," ni Lucy wí. "Bójú bá tì í, á sanwó."

Jésùtómi mọ̀ dájú pé ìyá òun kò ní gbà. Síbẹ̀, ó wá fọ́tò tí Kingsley yà níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Olè ni o! Ó jẹ opó lówó, ó sá lọ. Ẹ má gbéṣẹ́ fún un." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé Erinje, ó ti dé Ìkọ̀yà. Inú ọmọbìnrin yìí dùn, àfi bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí wọ́n ṣe ń múra àtilọ, Kingsley fúnra rẹ̀ ló wọlé. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyá mi ló ṣubú, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi nìkan ni wọ́n bí, mo ní láti padà sílé. Ojú ló tì mí láti dúró dè yín láìmú owó lọ́wọ́. Mo wá fi sùtánà mi sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé mò ń bọ̀."

"Mo mọ̀," ni Salome wí. "Dìde, ọmọ mi."

Kò dìde. "Mo ti gba iṣẹ́ òrùlé kan ní Ìkọ̀yà, Màmá. Àná ló yẹ kí wọ́n sanwó àsansílẹ̀, kí n gbé e wá fún yín. Ni ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi bá na fóònù sí mi, fọ́tò mi ló wà níbẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí olè gun orí ilé òun."

Salome yíjú sí ọmọ rẹ̀. Jésùtómi wolẹ̀.

"Tómi! Ìwọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí!" Ẹkún ló bú sí.

Wọ́n jọ lọ sí Ìkọ̀yà láti bẹ onílé náà, ṣùgbọ́n káfíńtà mìíràn ni wọ́n bá lórí òrùlé. Jésùtómi pa fọ́tò rẹ́, ó kọ ẹ̀bẹ̀ sórí Wásáàpù. Àwọn tó ti pín "olè" káàkiri, mélòó nínú wọn ló pín ẹ̀bẹ̀? Ìforúkọsílẹ̀ parí, kò sówó.

Díẹ̀díẹ̀ ni Kingsley ń san gbèsè náà. Ọjọ́ tó mú ìyókù wá, àwọn ẹgbẹ́ Jésùtómi wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Òun jókòó sídìí iná, ó ń ha púpurù. Salome mú sùtánà wá, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Kingsley.

"Tómi, ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà," ni Kingsley wí bó ṣe ń lọ.

Jésùtómi wo púpurù ọwọ́ rẹ̀, dúdú ara rẹ̀ ti kúrò, inú rẹ̀ funfun. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kingsley jẹ̀bi pé kò dágbére, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun ló fi ìkánjú ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, ìkánjú yẹn náà ló sì gba ìdánwò lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbèsè ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Orúkọ tí a bá bà jẹ́, ọjọ́ wo la ó san án tán?