Ara Tí Oòrùn Kò Tíì Mọ̀

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, mo sì dúró. Àwọn ọmọ tòmátì tí mo fi sílẹ̀ ní tútù yọ̀yọ̀ ti funfun bí bébà. Wọ́n lé ní igba. Gbogbo wọn dorí kodò.

Stoyanka, ìyàwó mi, ló ni irúgbìn náà. Ogójì ọdún ló fi pa á mọ́. Ó kú nígbà òtútù. Gbogbo èyí tó kù la gbìn sábẹ́ ọ̀rá tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù. Bí wọ́n bá kú, ó parí nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ ojú ló gbé mi lọ sí ìlú Plovdiv fún ọjọ́ mẹ́jọ. Kí n tó lọ, mo sọ fún Nevena, ọmọ ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, pé: "Ká ọ̀rá náà sókè fún wákàtí kan lónìí, méjì lọ́la. Máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ká a kúrò."

"Bàbá àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti sọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé."

Ó ti wá dúró tì mí báyìí, ike omi lọ́wọ́. "Bẹ́ ẹ ṣe wí ni mo ṣe," ló wí.

Mo fa ọ̀kan tu. "Èwo ló pọ́n lẹ́sẹ̀, ní ìdí igi rẹ̀, nínú wọn?"

"Ṣé ó yẹ kó pọ́n ni?"

"Tòmátì tí oòrùn bá ń kàn díẹ̀díẹ̀ máa ń pọ́n lẹ́sẹ̀. Kò sí èyí tó pọ́n níbí."

Ike bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fláfónọ́ìdì," ló wí. "Ewéko ló ń ṣe é sára fúnra rẹ̀, kí oòrùn má bàa jó o. Lára ẹ̀ ni àwọ̀ pupa yẹn. Ó ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó pọ̀ tó. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò. Mẹ́fà ni mo gbà, kò sí máàkì tó jù ú lọ."

"Kí lo wá ṣe?"

Ó sọ ọ́. Yordanka, ọmọ kíláàsì rẹ̀, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wẹ̀ níbi ìsun omi gbígbóná. Wọ́n ní, "Nevena, ṣé ìwọ lo bí tòmátì ni? Máa bọ̀, wọn ò ní sunkún." Ọjọ́ mẹ́fà ló fi bá wọn lọ. Ní ọjọ́ keje, ó ká gbogbo ọ̀rá náà kúrò láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí n lè bá a bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá àgbà."

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tìrẹ ò tó ọ̀sẹ̀ kan."

Ó lọ sí kọ̀rọ̀ ọgbà, ó ń sunkún. Lójijì ẹkún náà dá. "Ẹ wá wò ó."

Ibẹ̀ ni ológbò ti fa ọ̀rá ya láti oṣù tó kọjá. Àwọn tó wà lẹ́nu ihò náà, tí oòrùn ti ń kàn díẹ̀díẹ̀, kéré, wọn ò dàgbà bí ìyókù. Nevena ti fẹ́ dà wọ́n nù rí. Ẹsẹ̀ wọn pupa fòò. Wọ́n dúró ṣánṣán. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: mọ́kànlá.

Mo jókòó sórí ilẹ̀.

Nevena ló lọ́ wọn sínú ebè, òun ló bomi rin wọ́n ní àràárọ̀. Nígbà tí èso àkọ́kọ́ pọ́n, a fi iyọ̀ jẹ ẹ́. Ó sá irúgbìn rẹ̀ sórí bébà, ó kọ "Stoyanka" sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ ọjọ́ méje kò ṣe é ṣe lọ́jọ́ kan. Èyí tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé ìdánwò, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín náà mọ̀ ọ́n.