Ọwọ́ Òsì Méjì

Aránṣọ tí ó ni ṣọ́ọ̀bù tí èyí ti ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, kò sì fi ibi tí òun ti kùnà pamọ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù. Nígbà tí bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́ kú, ẹbí pín gbogbo ohun tí ó ní, wọn kò ṣẹ́ abẹ́rẹ́ kù fún òun àti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ogún àwọn wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, níbi tí ẹbí kankan kò ti lè pín in, àti pé ẹni tí ó bá di ìgbàgbọ́ mú dópin ni yóò gbà á. Tẹ́ẹ́rẹ́ a ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá ti ṣèlérí ẹ̀rọ kan fún ẹni tí ó bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò, ìyẹn Tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí Jẹ́jẹ́, ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìkánjú kò jẹ́ kí Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣẹ́ aṣọ po sí méjì kí ó tó gé ọwọ́ ẹ̀wù tí ó fẹ́ rán. Ìgbà tí ó tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ ni ó rí i pé ọwọ́ òsì ni méjèèjì. Aṣọ náà ní ojú, ó ní ẹ̀yìn, kò ṣeé yí padà. Kò sì sí ìyókù. 

Ẹ̀rín, ọmọ iṣẹ́ àgbà tí ó ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí ó gba òmìnira lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, yọjú wò ó. “Ṣé ọlọ́wọ́ òsì méjì lo ń ránṣọ fún ni?”

Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti lọ pọn omi, àwọn ọwọ́ aṣọ tirẹ̀ sì wà lórí tábìlì, aṣọ kan náà, ìwọ̀n kan náà. “Mú ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, kó o fi òsì kan tìrẹ sípò rẹ̀. Á rò pé òun ló ṣì í gé.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ nawọ́. Ìka rẹ̀ ti kan aṣọ náà kí ó tó rántí ọjọ́ tí àwọn ẹbí ń kó ẹrù bàbá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tí ó ń wò wọ́n. Ó fa ọwọ́ padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n ṣe fún wa nìyẹn,” ni ó wí.

Ó lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, ó sọ àṣìṣe rẹ̀. Ọ̀gá ní òfin ni òfin. Jẹ́jẹ́ ni ó gba ẹ̀rọ. “Mi ò tilẹ̀ kí i pé ó ṣeun tó sọ òótọ́,” ni ọ̀gá wí fún mi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú.

Nílé, ìyá gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan.

“Ó dùn ọ́?”

“Ó dùn mí, Màmá.”

“Jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹni tó ń lọ gba ogún náà máa ń sunkún lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n o ò ta tìrẹ.”

Tẹ́ẹ́rẹ́ sunkún tẹ́rùn. Nígbà tí ó ṣe àmín lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mọ ohun tí òun ń ṣe àmín sí.

Ẹ̀yin ọmọ, a kì í já ogún Ọlọ́run gbà. Ẹni tí ó bá dúró nínú òótọ́, tí kò jẹ́ kó sú òun, ni ó ni ín.

Ọjọ́ tí àwọn ará ilé Jẹ́jẹ́ wá gbé ẹ̀rọ, Tẹ́ẹ́rẹ́ bá wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó kí Jẹ́jẹ́ kú oríire, ó sì bọ́ sójú títì, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Kò wẹ̀yìn.